Ẹ Kan Ilẹ̀kùn Kí Ẹ Tó Wọ Ilé Adìẹ

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já wọ ilé adìẹ mọ́, ẹ máa kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní, “Rowena, ṣé adìẹ ló máa ní kí n wọlé?” Ẹ ṣáà rí tàárọ̀ yìí: ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gorí ara wọn ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń fa ìyẹ́ ara wọn tu, ìyẹ́ bo ilẹ̀. Ọ̀sán yìí sì ni dókítà ẹran ọ̀sìn ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò. Bó bá bá wọn níhòòhò, owó tí ìjọba ń fún ẹni tó tọ́jú adìẹ dáadáa lọ nìyẹn.

Mo sáré lọ ra kábéèjì ní ìlú Ledbury, ká so ó rọ̀ fún wọn kí wọ́n máa ṣá a jẹ dípò ìyẹ́ ara wọn.

Ko, ko, ko, kí ẹ tó wọlé. Bó bá sì ti mọ́ yín lára, ẹ máa kan ti yàrá èmi àti ọmọ yín náà.