Ta Ló Ń Kì Ọ́ ní Mushin?

Abúlé Òkè-Àgbàrá,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kẹfà, 1956.

Ọláìtán ọmọ mi, Àbẹ̀ní mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Gbádé ọkọ rẹ ń lọ síbi iṣẹ́ reluwé rẹ̀ láyọ̀, tó sì ń bọ̀ láyọ̀? Ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá gbà jáde, ẹ kò ní ṣì í nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, nítorí tíṣà ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní mo ti ń mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, torí náà bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ìbẹ̀rù ló fà á, kì í ṣe àìmọ̀wé.

Lẹ́tà tí o kọ gbẹ̀yìn ló sì dá ìbẹ̀rù náà sílẹ̀. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé Èkó, o ní àárò ilé ń sọ ọ́, pé bí Gbádé bá ti jáde láàárọ̀ ni wàá jókòó sórí àpótí aṣọ rẹ, tí wàá máa sunkún. Inú mi bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀, torí ọmọ tó ń sunkún ilé kò tíì sọnù. Wàyí, o ní o kò sunkún mọ́, pé Mushin ti mọ́ ọ lára. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé aṣọ oníbàárà sínú aró, ó dú kọjá bó ṣe yẹ.

O ní ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń péjọ sí yàrá Ìyá Shakirat, onílé yín, láti gbọ́ àpótí kan lára ògiri tí wọ́n ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì, pé ó ń kọrin, ó ń sọ ìròyìn, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀ní, ta ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí náà? Ọmọ ta ni? Báwo ni wọ́n ṣe tọ́ ọ tó fi ń sọ̀rọ̀ láàárín àgbà tí kì í gba èsì? Bàbá rẹ ní bóyá wọ́n tì í mọ́bẹ̀ ni. Bó bá kí yín, kúnlẹ̀ dá a lóhùn, ó lè jẹ́ àgbà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó mọ ọ̀nà abúlé wa.

Omi tí o ní ó ń ti inú irin jáde lẹ́bàá títì náà ń bà mí lẹ́rù. Ta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tó ń dà á sókè? Mo fi ìgò omi kànga wa rán Àkàngbé awakọ̀ sí ọ. Máa bù ú díẹ̀díẹ̀ mọ́ omi irin náà, kí inú rẹ má bàa gbàgbé wa.

Ṣùgbọ́n èyí tó lé oorun lójú mi ni pé Ìyá Shakirat ń kì ọ́. O ní bí o bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á fọwọ́ lé ọ léjìká, á ní, "Àbẹ̀ní, ọmọ mi, ṣé o jí ire?" Ọjọ́ tó kọ́kọ́ pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹkún rẹ dá. Ta ló sọ oríkì rẹ fún un? Mo sáré bá bàbá rẹ, mo ní obìnrin kan ní Mushin ti gba ọmọ wa, kó wọ ọkọ̀ lọ mú ọ wá. Ó jẹun tán kó tó fèsì. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n mú ọ wọ ilé yìí, ta ló ń kì ọ́?"

Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló ń kì mí láràárọ̀ títí ẹkún fi dá lójú mi, èmi tí mo ti di ẹrù mi láti sá padà sílé wa. Ìyá tèmi wà lọ́hùn-ún, bóyá ẹ̀rù ń ba òun náà. N kò rò ó rí.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá máa kì ọ́, kó má kì ọ́ láàbọ̀. Rọra ka èyí sí i létí títí yóò fi mọ̀ ọ́n:

Àbẹ̀ní, ọmọ aláró Òkè-Àgbàrá,
ọmọ a rẹ kíjìpá, kí oòrùn má lè mú un ṣí.
Ó rin ọ̀nà jíjìn, aró ilé ń bẹ lára rẹ̀.
Ọmọ tí mo bẹ̀ kí n tó ní.

Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, fi ṣílè díẹ̀ rán Àkàngbé, ẹ̀lú ti wọ́n, oníbàárà sì ń bínú nítorí aṣọ rẹ̀ tó dú. Mo fi kíjìpá kan ránṣẹ́ sí Ìyá Shakirat, má sọ fún un pé mo bẹ̀rù rẹ̀. Ilé yóò tù yín lára, ọmọ yóò sun ẹ̀yìn rẹ, ojú wa yóò sì tún rí ara wa.

Ohun kan ló kù. Bó bá kì ọ́ tán láràárọ̀, ní kó dákẹ́ díẹ̀. Àkókò yẹn lèmi náà ń kì ọ́ níbi ìkòkò aró. Tèmi kò lè gba èsì, bíi ti ọkùnrin inú àpótí yẹn, ṣùgbọ́n máṣe dìde lórí ìkúnlẹ̀ kí o tó dá mi lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ.