Ojú Ṣùkúrátù

Ìkòsí, Kétu,
Èkó.

Bọ̀dá mi Rùfáì,

Àsàláàmù aléékúm. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, ara ìyàwó yín àti tàwọn ọmọ náà sì le. Èmi wà láàyè. Mummy ni ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Ojú wọn ló ń lọ. Dókítà ojú tí mo mú wọn lọ bá ní Gbàgádà ní kò sí oògùn tó lè dá èyí tó ti lọ padà, ìwọ̀nba tó kù náà kò sì ní pẹ́ tán. Bí a ṣe délé, Mummy jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Màríyámọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi pátápátá, mo fẹ́ rí ojú Ṣùkúrátù."

Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi yìí; wọn kò tíì bí mi nígbà tó kú. Mo gbọ́ pé àwọn àgbà ilé ní kí ìyá rẹ̀ má rí àwòrán rẹ̀ mọ́, Daddy sì dáná sun gbogbo fọ́tò. Ṣùgbọ́n fọtógíráfà ni Daddy. Wọn kò sun nẹ́gẹ́tíìfù, rọ́bà tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò. Orí wọ́díróòbù wọn ni mo ti bá a, lábẹ́ páànù, níbi tí ooru ti ń sè é láti ìgbà tí Daddy ti kú.

Mo kó o tọ Ọ̀gá Ọlábámijí lọ ní Alápẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń fi síkáànà, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, sọ àwòrán àtijọ́ jí. Gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, àwòrán á bó kúrò lára rọ́bà. Ẹyọ kan ló yọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí síkáànà, kọ̀ǹpútà sọ dúdú di funfun, ó sọ funfun di dúdú, ni mo bá rí yín, Bọ̀dá mi! Ẹ wọ ṣòkòtò péńpé, ẹ gbé ọmọ lé itan. Ojú yín hàn kedere. Ẹsẹ̀ ọmọ hàn, kaba rẹ̀ náà hàn. Ibi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà ti bó lọ, ó dúdú bí èédú.

Ọ̀gá Ọlábámijí wò ó títí. "Aunty, kọ̀ǹpútà lè fi ojú ọmọ mìíràn dí i o. Mummy ò ní mọ̀." Mo ní rárá. Ọmọ ta ni mo fẹ́ gbé fún wọn? Wọ́n wá fi àwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì sí i, torí pé dúdú òun funfun lásán á le jù fún ojú tó ń ṣe bàìbàì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Ó rẹwà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mummy gbé e sún mọ́ ojú lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Rùfáì mi rèé." Wọ́n fi ìka tọ apá yín dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ìka wọn dúró. "Ojú mi ti lọ tán nìyẹn. Mi ò rí i."

Mo ní, "Mummy, kì í ṣe ojú yín. Ojú tirẹ̀ ni kò sí níbẹ̀."

Wọn kò sunkún. Wọ́n dá fọ́tò náà padà fún mi. "Èmi náà ò rántí rẹ̀ mọ́. Ohun tó jẹ́ kí n máa wá a nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, wọn kì í sọ pé kí n ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé mọ́.

Awakọ̀ tó já tòmátì ní Mile 12 ni mo fi fọ́tò yín rán bó ṣe ń padà sí Jọ́ọ̀sì. Kí Ọlọ́hun dá ojú yín sí, kó sì dá gbogbo ọmọ yín sí fún yín.

Èmi àbúrò yín tó ń ṣàárò yín,
Màríyámọ̀.

Àfikún: Mummy ní kí n bi yín bóyá ẹ rántí ojú rẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ máa ń pọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá rántí, ẹ pè wọ́n kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Bí ẹ kò bá rántí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parọ́.