Ẹ Má Bo Orí Bàbá Mi

Yàrá Òkè,
Ilé Umm Kulthum,
Al-Sabeel,
Jíddà.
Ọjọ́ Jímọ̀, 12 Oṣù Keje, 1996.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrìn Ẹsẹ̀ àti Ìsìnkú,
Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Mùsùlùmí Ọmọ Yorùbá,
Jarwal,
Mẹ́kà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ BÍ Ẹ Ó ṢE SIN ÀLÀÁJÌ MOJEED BÀDÍRÙ, TÓ KÚ LÓJÚ Ọ̀NÀ MẸ́KÀ NÍNÚ AṢỌ HURUMI

1. Ohun tí mo rí láàárọ̀ àná, Ọjọ́bọ̀, ní etí òkun nìyí: òkun tó dákẹ́ bí omi inú abọ́, àwọn ọkùnrin nínú aṣọ hurumi, funfun méjì-méjì, orí gbogbo wọn lásán, àwa obìnrin mẹ́rin lẹ́yìn wọn, kẹ̀kẹ́ ológeere mẹ́ta tí wọ́n so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ lẹ́yìn, àwọn agboòrùn tí àwọn àgbà mú wá, tí Àlàájì Sàkáríyà, aṣáájú ìrìn, gbà lọ́wọ́ wọn, tó kó jọ sínú ọkọ̀, àti bàbá mi, tó bọ́ bàtà rẹ̀, tó lọ ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi, tó dúró síbẹ̀ pẹ́.

2. Mo mọ ìdí tó fi dúró síbẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìsẹ́yìn, ó gba ilẹ̀ Haúsá, ó gba Sudan, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi rìn ín. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Sawákìn, ó sì gúnlẹ̀ sí etí òkun yìí. Ibà mú un níbẹ̀, ó sì kú. Kò dé Mẹ́kà. Bàbá mi ní tirẹ̀ ti ṣe Hájì. Ọkọ̀ òfuurufú ló bá wá, kò sì padà sílé mọ́. Aṣọ ló ń rán ní Al-Sabeel. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé ìrìn bàbá àgbà ṣẹ́kù, òun ni yóò bá a rìn ín parí. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ yín kéde ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ láti etí òkun lọ sí Mẹ́kà fún Úmúrà, òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Mo bi í pé oòrùn inú oṣù yìí ńkọ́. Ó ní oòrùn tó na bàbá àgbà lójú ọ̀nà náà ni, ó ti dàgbà, ó yẹ kó ti rẹ̀ ẹ́.

3. Ìlànà tí ẹ kà sí wa létí ni pé a ó gbéra lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a ó sinmi kí oòrùn tó mú, a ó sì tún rìn lálẹ́. A kírun, a dá àníyàn, a sì dúró. Ẹ̀yin ni a ń dúró dè, Ọ̀gá, kí ẹ wá ṣí ìrìn náà. Mi ò sọ èyí láti fi tàbùkù yín. Ọ̀nà Mẹ́kà jìn, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Ẹ dé ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ sọ̀rọ̀, a pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bọ́ síwájú kí fọ́tò lè dára. Iwájú náà ni wọ́n sì wà, àwọn àti omi. Nígbà tí a fi máa gbéra, iyanrìn ti ń jó ni lẹ́sẹ̀.

4. A tọ etí òkun títí a fi yà sí ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Mẹ́kà. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òkun ti tán. Bàbá mi béèrè agboòrùn rẹ̀. Àlàájì Sàkáríyà ní ẹni tó wọ hurumi kò gbọdọ̀ bo orí. Bàbá mi ní agboòrùn kì í ṣe fìlà, kò kan orí; ó ní òun fojú ara òun rí i tí wọ́n ń lò ó ní Mínà nígbà Hájì. Àlàájì Sàkáríyà ní, “Ẹ̀yin télọ̀, ẹ ti di ààfáà?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Kò béèrè mọ́.

5. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo ṣàkíyèsí pé kò làágùn mọ́. Ó ń pe Lábáíkà, ìpè tí gbogbo wa ń pè lọ́nà Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ó ń ṣì í pè, ohun tó máa ń pè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láìwo ìwé. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo pariwo, mi ò rántí ìgbà tí mo pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Tawfiq, ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́, ló gbọ́, ló yí padà, ló gbé omi wá. Mo ki ìborùn mi bọ inú omi náà, mo sì fi bo orí bàbá mi.

6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Bàbá mi lajú. Ó fọwọ́ kan orí, ó bá ìborùn níbẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á kúrò. Ó ní, “Fawziyyah, má bò ó.” Ó wá pe Lábáíkà, lọ́tẹ̀ yìí kò ṣì í. Tawfiq gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bàbá mi nìyẹn. Ọkọ̀ aláìsàn gbé wa dé ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé ó ti kú. Orí rẹ̀ wà lásán.

7. Lálẹ́ àná, Àlàájì Sàkáríyà ránṣẹ́ sí mi pé Ìgbìmọ̀ yóò gba òkú náà lọ́jọ́ Àìkú, bí ìwé bá parí. Ìwé ń fa ẹsẹ̀ nítorí pé bàbá mi kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Ó ní wọn yóò wẹ̀ ẹ́, wọn yóò fi lọ́fínńdà sí i lára, wọn yóò sì wé e látorí délẹ̀ bí òkú yòókù, nítorí pé èmi ọmọ rẹ̀ ni mo bo orí rẹ̀, tí mo sì bọ́ hurumi kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá, kò rí bẹ́ẹ̀. Nílé-kéwú ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí ìnira mú bo orí, ìtánràn ló jẹ. Hurumi rẹ̀ kò bàjẹ́. Bí ìtánràn bá sì wà, mo ti san án: tálákà mẹ́fà jẹun lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí láàárọ̀ òní. Wọ́n tún kọ́ wa pé ọkùnrin kan já bọ́ lórí ràkúnmí nígbà ayé Ànábì, ó kú nínú hurumi. Aṣọ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi sin ín. Wọn kò fi òórùn dídùn sí i, wọn kò sì bo orí rẹ̀, nítorí pé yóò jí lọ́jọ́ Àjíǹde pẹ̀lú Lábáíkà lẹ́nu.

8. Obìnrin ni mí. Mi ò ní í sí níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní í dé ibojì. A kò ní ọkùnrin kankan nínú ẹbí wa ní ìlú yìí. Lẹ́tà yìí nìkan ni mo lè rán síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi aṣọ rẹ̀ méjèèjì sin ín. Ẹ má fi lọ́fínńdà kàn án. Ẹ má bo orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Tawfiq wà níbẹ̀, kó lè wá sọ fún mi. Bàbá àgbà kò dé Mẹ́kà, òun náà kò dé e. Ẹ má wá sọ pé kò tilẹ̀ gbéra. Bí ẹ bá sì tún ṣe ìrìn yìí lọ́dún mìíràn, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà mú agboòrùn wọn dání, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dúró de ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Àsùbáà.

9. Kí ẹ lè bá àwọn tó kù wádìí ohun tí mo wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọjọ́ náà dé òpin. Mo kúrò ní ọsibítù lẹ́yìn ìrun Mọ̀ǹgàríbí. Wọ́n kó bàtà rẹ̀ fún mi nínú ọ̀rá. Iyanrìn etí òkun ṣì wà nínú rẹ̀. Umm Kulthum, onílé wa, gbé oúnjẹ wá, mi ò lè jẹ ẹ́. Ìránṣẹ́ Àlàájì Sàkáríyà dé, ó jíṣẹ́, ó lọ. Ìborùn náà ti gbẹ. Mi ò fọ̀ ọ́. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi, mo sì dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á débí.

Èmi ni tiyín, tó ń retí èsì kí ọjọ́ Àìkú tó pé,

Fawziyyah Bàdírù,
Ọmọ olóògbé.