Owó Ọmọ Tó Ṣì Ń Wọlé láti England

Ọjọ́bọ̀, Clinton

Mo ti pe ọ́fíìsì owó ọmọ ní England lónìí. Láti ìgbà tí èmi àti Dára ọmọ mi ti kó wá sí Maryland ní Amẹ́ríkà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ lórí owó tí ìjọba England ń san fún àwọn ọmọ wa, torí ó ṣì ń wọlé.

Inú mọ́tò ni mo ti pè, lẹ́yìn ṣíìfù alẹ́. Mo sọ òtítọ́. Obìnrin tó dá mi lóhùn kò bínú. Ó ní ti Dára ti parí, ká dá èyí tí kò tọ́ sí wa padà. Ṣùgbọ́n wọn yóò máa san ti Mọ́yọ̀, tó dúró ti bàbá rẹ̀ ní Leeds nítorí ìdánwò, bí bàbá rẹ̀ bá kọ̀wé béèrè fúnra rẹ̀.

Mo sọ fún bàbá Mọ́yọ̀, mo sì lọ sùn. Kí n tó jí, ó ti kọ ọ́.

"Wọ́n béèrè ẹni tó ń tọ́jú ọmọ," ló wí nígbà tó pè mí lórí fídíò. "Orúkọ mi ni mo kọ."

Mọ́yọ̀ gba fóònù. "Mummy, Daddy ló di irun mi."

Mo ní kó yí ẹ̀yìn orí sí mi. Ìlà irun náà wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dì í dáadáa.