Ẹ̀wà Tí Kì Í Ṣe Ọ̀bẹ Ìyá Rẹ Ló Gé E

Ọ̀nà Odò Kékeré,
Àfonífojì Huon,
Tasmania.
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún.

Gwenda, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé. Mo kí Neil ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ, mo sì lérò pé ara gbogbo yín le ní Brisbane níbẹ̀, níbi tí ẹ kò ti mọ ohun tí à ń pè ní òtútù. Ara tèmi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Ara ìyá rẹ náà le. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé rẹ̀ ni o bèèrè, òun náà ni mo sì fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n dáhùn bó ṣe wà lọ́kàn mi.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á pé o ti rí àyè fún un ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan nítòsí yín, pé ilé náà mọ́, pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣe pẹ̀lẹ́, àti pé mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí òtútù tó wọlé, kí àyè náà má baà bọ́. Mi ò bínú. Ohun tí o rí nígbà Kérésì, nígbà tó ń wá ilé ìwẹ̀ kiri nínú ilé tó ti ń gbé látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, èmi náà rí i. Ojú mi kò fọ́.

Oko ẹ̀yìn ilé ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Tòmátì ti wọnú ìgò, bíìtì wà nínú ọtí kíkan, àlùbọ́sà ń rọ̀ lórí okùn, kárọ́ọ̀tì sì wà nínú àpótí iyanrìn. Ìyá rẹ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Tèmi ni kí n máa ru nǹkan, kí n sì máa dáná, bó ti ṣe máa ń rí. Ẹ̀wà tútù tí à ń jẹ tèèpo-tèèpo ló ṣẹ́ kù, èyí tó ń gun ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ, tí ìyá rẹ máa ń fi iyọ̀ tọ́jú de ìgbà òtútù.

O mọ bó ṣe máa ń ṣe é. Á gé e tínínrín, ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ kì í dúró. Á tẹ́ ẹ sínú ìkòkò amọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, á da iyọ̀ lé e, á tún tẹ́ ẹ̀wà, á tún da iyọ̀, títí yóò fi kún. Á wá fi àwo bò ó, á sì gbé òkúta odò lé àwo lórí. Dulcie aládùúgbò wa wá bá a já etí ẹ̀wà bó ti máa ń wá lọ́dọọdún, àwọn méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò lẹ́yìn. Mo gbé igi wọlé báyìí, ni mo bá rí i pé àpò tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ kì í ṣe àpò iyọ̀. Ṣúgà ló ń bù. Ó bù ú láti ìsàlẹ̀ ìkòkò títí dé ẹnu rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Dulcie náà rí i. Ó wá bá mi níta níbi tí mo ti ń to igi. Ó ní, "Athol, ṣé o rí ohun tí mo rí?" Mo ní mo rí i. "Ẹ̀wà oníṣúgà! Ẹ ó máa fi mu tíì nìyẹn." Mo ní kó máa lọ sílé ẹ̀. Kò lọ. "Má kanra mọ́ mi, jàre. Mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ kí n má baà sunkún ni. Ṣé wàá sọ fún Gwenda?" Mo ní mi ò ní í sọ. Ó bá mi gbé igi kan lé òkìtì, ó ní, "Ó dáa. Lọ́la màá mú un lọ ṣe irun. Ìyókù di ọwọ́ ẹ."

Lọ́jọ́ kejì mo da gbogbo rẹ̀ fún àwọn adìẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n sì wò mí. Mo fọ ìkòkò, mo ká ẹ̀wà mìíràn, mo gé e, mo da iyọ̀ sí i, mo gbé àwo àti òkúta padà sípò. Nígbà tí ìyá rẹ dé pẹ̀lú irun tuntun, mo yìn ín, ó sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìrì kọ́kọ́ dì bíi yìnyín sórí koríko. O mọ̀ pé nílé tiwa, ọjọ́ yẹn náà ni à ń ṣí ìkòkò, a kì í ṣí i ṣáájú. Ìyá rẹ gbé òkúta kúrò, ó bu ẹ̀wà sórí pákó, ó sì tẹjú mọ́ ọn. "Athol, ta ló gé ẹ̀wà yìí?" Mo ní òun ni. "Èmi kẹ̀? Wò ó bó ṣe nípọn bí igi ìdáná. Láti ìgbà wo ni mo ti ń fi àáké gé ẹ̀wà?" Mo tún ní òun ni. "Ọkùnrin yìí, má purọ́ fún mi nínú ilé ìdáná mi!"

Mo bá sọ fún un. Mo sọ ti ṣúgà, mo sọ ti adìẹ. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nítorí àwọn adìẹ. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ọwọ́ náà ti gbẹ, ó sì tún ń nù ún. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Athol." Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ rí. Ó bèèrè bóyá o ti gbọ́, mo ní o kò tíì gbọ́. "Kọ ọ́ sí i. Má fi nǹkan kan pamọ́ fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kó o kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé èmi ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀bẹ mi ló gé e." Ó yá, mo ti kọ ọ́.

Ẹ̀wà díẹ̀ ṣì kù lábẹ́ ògiri níbi tí yìnyín kò dé. Ó ní kí n ká a wá, ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bó o bá fẹ́ máa bo àṣírí mi, kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e." Ó dúró lé mi lórí. "Tínínrín! Tínínrín ni mo wí! Ọgbà ápù rẹ kọ́ nìyí, kì í ṣe ẹ̀ka igi lò ń gé." A fi kún ìkòkò kékeré kan. Iyọ̀ ibẹ̀, òun ló bù ú, ó sì ń tọ́ ọ wò nígbà kọ̀ọ̀kan kó tó dà á.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni bẹ́ẹ̀ kọ́, fún ìgbà òtútù yìí. Jẹ́ kí wọ́n fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Mo ti gbé ṣúgà lọ sínú ilé tí mo ń kó irinṣẹ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ tíì dídùn, èmi ni yóò rán. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe oògùn. Ọjọ́ tí mo bá gbé ẹ̀wà tí mo gé síwájú ìyá rẹ, tó sì jẹ ẹ́ láìbú mi, ọjọ́ yẹn ni n ó kọ̀wé sí ọ pé a ń bọ̀. Àwa méjèèjì ni o, nítorí mi ò ní í jẹ́ kó dá nìkan lọ.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ilé rẹ, kí àwọn ọmọ rẹ má mọ àìsàn. Bí ìwọ náà bá dàgbà, kó fún ọ ní ẹni tí yóò máa bo àṣírí rẹ.

Èmi ni baba rẹ,
Athol.

Àfikún: Ìyá rẹ ti ka èyí tó wà lókè, ó ní òótọ́ ni. Kò ní í ka èyí. Mo ti mọ ẹ̀wà gé báyìí, ọwọ́ mi ti fẹ́ dà bí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò kékeré yẹn, nígbàkúùgbà tó bá yíjú láti tọ́ iyọ̀ wò, mo fi díẹ̀ tó nípọn sáàárín gbogbo ìpele, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lánàá ó ṣí i láti wò ó bóyá omi ti ń sun jáde, ó sì bú mi débi pé Dulcie gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Inú mi dùn, Gwenda. Inú mi dùn gan-an ni.