Abọ́ Bàbá Mi Tí N Kò Kó

Bàbá mi, ẹ kú ilé o.

Ẹ kú iṣẹ́ maṣíìnì, ẹ kú ooru Igando, ẹ kú àìrí ọmọ nítòsí. Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wò mí. Màmá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ rí orúkọ mi nínú ìwé ìròyìn yìí, ẹ ó sì pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ẹ kàn gbé e fún wọn.

Bàbá, ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìgbà márùn-ún ni mo pè lóṣù tó kọjá. Lẹ́ẹ̀kan, Màmá ní ẹ wà nílé ìwẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní òróró maṣíìnì kún ọwọ́ yín. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ẹ ti sùn, bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ tí ẹ ń wúkọ́ lẹ́yìn wọn. Ẹ ò gba fóònù mi, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn Yorùbá kọjá yín. Ẹ máa ń kà á ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Egbeda látòkè délẹ̀, títí dé ibi tí wọ́n ti ń polówó ilẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ olóòtú pé kó fún mi láyè. Bí èdè mi bá kọsẹ̀ níbì kan, ẹ bá mi gbé e dìde. Ọdún méjì ni mo ti ń kọ́ ọ padà, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan tí wọ́n kó wá síhìn-ín ní kékeré bíi tèmi.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọ́fíìsì tí mo wà, àwa là ń bá àwọn èèyàn ńlá ṣètò ìrìnàjò: bàálù tí wọn yóò wọ̀, òtẹ́ẹ̀lì tí wọn yóò sùn, ilé oúnjẹ tí wọn yóò ti jẹun. Ti ilé oúnjẹ yẹn ni iṣẹ́ tèmi. Mo mọ èyí tí wọn kì í gba ẹni tó wọ sálúbàtà wọlé, mo mọ èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi oṣù méjì gba àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Òtútù ìhín ò tíì lọ. Nígbà tó le jù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nilẹ̀ ń ṣú, kálukú á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, o ò ní gbúròó ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò sọ fún yín rí. Bí owó oṣù bá ti wọlé, mo máa ń dá lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ olówó ńlá wọ̀nyẹn. Ti àwọn ará Japan, níbi tí wọ́n ti ń gé ẹja tútù bí ẹni ń gé aṣọ léèsì. Ti Faransé, níbi tí ọbẹ̀ ò ju ìlà kan ṣoṣo lọ lórí àwo. Ti Ítálì, ti àwọn ará Peru. Ebi kọ́ ló ń lé mi lọ, ìdáwà ni. Tábìlì ẹni méjì ni wọ́n sábà máa ń tò sílẹ̀. Bí mo bá jókòó, agbáwo tó ń gbé oúnjẹ wá á bi mí bóyá mo ń retí ẹnìkan. N ó ní rárá. Á wá rọra kó fọ́ọ̀kì, ọ̀bẹ àti ife ẹnì kejì kúrò níwájú mi. Bàbá, ìró fọ́ọ̀kì yẹn, bó ṣe ń kan ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń dùn mí wọ egungun. Síbẹ̀ mo ń padà lọ. Mo ti jókòó níwájú àga tó ṣófo títí, mo sì ti pinnu pé lọ́jọ́ tí mo bá délé, ẹ̀yin àti Màmá ni mo máa gbé jókòó sórí irú àga yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ní Kérésìmesì tó kọjá, ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn tí Àǹtí Bísí, àbúrò yín, mú mi kúrò nílé lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ kí n tètè wá. Kí n tó wọ bàálù ni mo ti gba àyè sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ àwọn òyìnbó kan ní Victoria Island.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bá yín lẹ́yìnkùlé tí ẹ ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ èékánná yín, kí òróró maṣíìnì má baà hàn. Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú mọ́tò, mo ń dá yín lẹ́kọ̀ọ́ lọ: fọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mú, ibi tẹ́ ẹ máa tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sí, bí èèyàn ṣe ń to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì papọ̀ tó bá jẹun tán. Màmá ní ṣé ilé oúnjẹ là ń lọ ni àbí ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí wọ́n fi ọmọ yín sílẹ̀ jàre, pé ọmọ tó bá rìn jìnnà, ohun tó bá rí ló ń mú wá han ará ilé.

A débẹ̀. Màmá bi agbáwo lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú oúnjẹ, torí ìjọ aṣọ funfun tí wọ́n ń lọ ò fàyè gbà á. Ó ní kò sí. Wọ́n ní kó lọ bi alásè, kí alásè fi Ọlọ́run búra. Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ dé, tó fẹ̀ bí atẹ́, tí oúnjẹ inú rẹ̀ ò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, Màmá ní ó dáa, ìtọ́wò ti dé, ìgbà wo ni oúnjẹ gan-an ń bọ̀. Ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu kí n má baà rí ẹ̀rín yín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Tábìlì kejì ni mo ń wò, bóyá wọ́n gbọ́. Màmá mi, ẹ forí ìyẹn náà jì mí.

Ẹran àgùntàn ni wọ́n gbé wá fún yín, Bàbá, ege mẹ́ta tó ní egungun. Ẹ fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́ bí mo ṣe kọ́ yín, ẹ ò jẹ́ kó ró. Ẹ jẹ ọ̀kan. Ẹ jẹ èkejì. Ẹ wá fi fọ́ọ̀kì ti ẹ̀kẹta, tó tóbi jù, sí etí àwo. Ẹ ti àwo náà síwájú díẹ̀, sápá ọ̀dọ̀ mi, ẹ sì yíjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ẹ wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, pé kí èmi Àbẹ̀kẹ́ wá kó abọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ gbàgbé ibi tí a wà ni. Mo fi òyìnbó dá yín lóhùn, mo pè yín ní Dádì, mo ní kì í ṣe ibí yìí lèèyàn ti ń kó abọ́ fúnra rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún ló ń kó o. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ ẹran yín tán, pé bẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ kù, alásè á rò pé kò dùn ni. Ẹ ní ẹ ti yó. Ni mo bá nawọ́, mo to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì yín papọ̀ lórí àwo, torí àmì tí agbáwo ń wò nìyẹn láti mọ̀ pé ẹnì kan ti parí. Ó dé kíá. Ó bi yín bóyá kí òun máa gbé e lọ. Èmi ni mo dá a lóhùn.

Mo rí ọwọ́ yín. Ó gbéra díẹ̀ tẹ̀lé àwo yẹn, ó dúró, ó sì padà sórí itan yín. Mo rí i, Bàbá. N kò kàn mọ ohun tí mo rí ni.

Mo ya fọ́tò wa lẹ́yìn náà. Èmi ń rẹ́rìn-ín, Màmá ń wo kámẹ́rà, ẹ̀yin ń wo ilẹ̀kùn tí agbáwo gbà wọlé. Bí a ṣe ń padà sílé, ẹ dúpẹ́, ẹ sì ṣàdúrà pé Ọlọ́run á fún èmi náà lọ́mọ tí yóò gbé mi jókòó síbi tó ju ibẹ̀ lọ. Mo ṣe àmín tó ròkè.

Lóṣù tó kọjá ni olùkọ́ wa ní kíláàsì Yorùbá, àgbàlagbà kan tó ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú kó tó wá síhìn-ín, ní kí kálukú sọ bí wọ́n ṣe ń jẹun nílé bàbá rẹ̀. Ó fi tirẹ̀ ṣáájú. Ó ní bàbá òun kì í jẹ ẹran rẹ̀ tán láé, ọmọ tó bá kó abọ́ ló ni èyí tó kù. Ó ní bàbá kì í pe ọmọ pé wá gbẹran. Wá kó abọ́ ló máa ń wí.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi.

Gbogbo rẹ̀ padà wá. Àpótí tí ẹ máa ń jókòó lé lábẹ́ fèrèsé. Abọ́ tánganran olódòdó yẹn, tí etí rẹ̀ ti bó. Ẹ á ṣanwọ́, ẹ á yíjú, ẹ á pè mí. Èmi á gbé abọ́ sáré gba ẹ̀yìnkùlé, n ó dúró lẹ́bàá dúróòmù omi, n ó jẹ ẹran náà tán kí n tó fọ abọ́. Ẹ ò tẹ̀ lé mi wá wò mí rí. Ẹ ò bi mí rí bóyá ó dùn. Ẹ kì í ṣe bàbá tó ń sọ fún ọmọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, abọ́ yẹn lẹ fi ń sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mo mọ ohun tí wọ́n ń pe fọ́ọ̀kì kékeré tí wọ́n fi ń jẹ ìgbín ní Faransé, mo sì gbàgbé èyí.

Mo pe Màmá lójú ẹsẹ̀. Mo ròyìn ohun tí olùkọ́ wa sọ fún wọn. Wọ́n wá ní àwọn rò pé mo mọ̀ ni, pé ojú tì mí níwájú òyìnbó ni mo ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti wọ bàálù lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ ò dáwọ́ ẹ̀ dúró. Lójoojúmọ́, ẹ̀ ń fi ẹran kan sílẹ̀. Wọ́n ní nígbà àkọ́kọ́, àwọn dá a padà sínú ìkòkò, ẹ sì yarí, ẹ ní ohun tó bá ti wà nínú abọ́, ẹni tó kó abọ́ ló ni ín. Ni Màmá bá ń gbé abọ́ lọ sẹ́yìnkùlé fúnra wọn, tí wọ́n ń dúró jẹ ẹran náà lẹ́bàá dúróòmù. Wọ́n ní àwọn ti bá mi jẹ ẹ́ fọ́dún mẹ́rìndínlógún.

Wọ́n ní àmọ́ láti ọjọ́ Victoria Island yẹn, ẹ̀ ń jẹ ẹran yín tán. Ẹ̀ ń họ egungun. Abọ́ yín ń mọ́ bí èyí tí wọ́n ti fọ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ kìíní tí àwọn rí i, àwọn bi yín léèrè, ẹ sì ní ẹni tó ni ín kò jẹ ẹ́ mọ́.

Bàbá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀ kíláàsì yẹn, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé.

Ọ̀gá mi rán mi lọ wo ilé oúnjẹ tuntun kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo jẹun, mo ti ege ẹja kan sí etí àwo, mo sì jókòó tì í. N kò mọ ẹni tí mo ń fi í sílẹ̀ fún. Agbáwo dé, ó bi mí bóyá kò dùn ni. Ó gbé e lọ.

Mo ń bọ̀ nílé ní Àjíǹde. N kò gba àyè sílẹ̀ níbì kankan. Ohun tí Màmá bá sè la máa jẹ. Ẹ jókòó sórí àpótí yín, ẹ jẹun yín bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. N kò ní kẹ́ ẹ fi ẹran ńlá sílẹ̀. Bó jẹ́ ṣàkì ni, bó jẹ́ egungun tẹ́ ẹ ti họ ni. Bó bá sì jẹ́ pé ọkàn yín ò tíì gbà á, ẹ jẹ ẹ́ tán, Bàbá, ẹ lá ọbẹ̀ inú rẹ̀. Ẹ kàn pè mí ni. Abọ́ tó ṣófo náà, n ó wá kó o, n ó gbé e lọ sẹ́bàá dúróòmù, n ó sì fọ̀ ọ́.

Ọlọ́run á bá wa da ẹ̀mí yín sí. Eyín yín ò ní yẹ̀, ọwọ́ tí ẹ fi ń tún maṣíìnì ṣe ò ní gbọ̀n. Màmá mi, ẹ ó jẹ ẹran tiyín nínú abọ́ tiyín pẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá Kafayat tí ògiri wọn kan tiwa. Ẹ kí àwọn ará ìjọ. Ẹ kí àwọn aránṣọ tó ń gbé maṣíìnì wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá, kí ẹnìkan nínú wọn dákun bá mi bi Bàbá bóyá wọ́n ka èyí dópin.

Èmi ni ọmọ yín, tó ń bọ̀ wá kó abọ́,

Àbẹ̀kẹ́.