Ọwọ́ Tí Mórẹ́nikẹ́ Fi Ń Ta Gìtá

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọrọgbọrọ níbi tí mo wà yìí. Mo kí Ìyábọ̀ àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú yín, mo kí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ jọ máa ń jókòó níwájú ilé wa n'Íkìrun bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Bùkọ́lá ìyàwó yín ní kí n kí yín dáadáa. Ó ní kí n má gbàgbé láti sọ fún yín pé ẹ̀gúsí tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, a sì ti jẹ ẹ́ tán.

Ara wa le. Òtútù ti tún dé sí Glasgow ní ìlú òyìnbó níbí. Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá bíi ti wa. Wínníwínní ló máa ń ṣe láti òwúrọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́n omi sí aṣọ tó fẹ́ lọ̀. Ibi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí náà ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Àpótí ni mò ń gbé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mò ń tò wọ́n sínú ọkọ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n wọn kì í kí èèyàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Mo lè wà láàárín wọn láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ilé ńkọ́. Ìyẹn máa ń dùn mí ju òtútù lọ. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, owó ilé àti owó iná sì ń kó o lọ, a ṣáà dúpẹ́.

Ẹ bi mí lórí fóònù níjọ́sí bóyá lóòótọ́ ni mo ti di onígìtá. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú yín. Ẹ ní ṣé ilé ọtí ni mo fẹ́ lọ máa ta á ni, ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì! Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Mórẹ́nikẹ́ ló fà á. Ọmọ yín ti pé ọdún mẹ́wàá, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé gìtá lòun fẹ́ kọ́. Bùkọ́lá kì í sí nílé ní Sátidé, ọsibítù ló ti máa ń ṣiṣẹ́, nítorí náà èmi ni mò ń mú ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí obìnrin kan ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, mò ń wo ògiri. Obìnrin yìí gbé gìtá kan wá bá mi, ó ní kí n bọ́ kóòtù kí n wá jókòó ti ọmọ mi. Mo ní rárá, mo ti dàgbà jù. Ó ní òun ti kọ́ bàbá kan tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Mo bọ́ kóòtù.

Ó ní ká máa pe òun ní Hẹ́lẹ́nì. Ẹ gbọ́ o! Obìnrin tó lè bí mi! Ẹnu mi kò gbà á. Àǹtí Hẹ́lẹ́nì ni mò ń pè é, àwọn ọmọ òyìnbó tó kù náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí.

Màmá, gìtá le. Okùn mẹ́fà ni, irin sì ni wọ́n. Orí ìka lèèyàn á fi tẹ̀ wọ́n mọ́ igi tó jẹ́ ọrùn rẹ̀ kí ohùn tó jáde, bí ìka bá sì yẹ̀ díẹ̀, ohùn ti kú nìyẹn. Mo rò pé àwọn ìka tí mo fi ń gbé àpótí lójoojúmọ́ ti kúrò ní ohun tí nǹkan ń dùn. Irọ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè fi wọ́n di bọ́tìnnì. Ohùn bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a máa ń ta pa pọ̀, kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, oṣù kan gbáko ló gbà mí kí n tó lè kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láìdúró wá ìka mi. Síbẹ̀ mò ń gbádùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, Mórẹ́nikẹ́ á wà ní yàrá rẹ̀, èmi á wà ní pálọ̀, a ó kíra, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí gìtá dé, a wá ń jókòó pọ̀ lórí àga gígùn kan lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, a jọ ń ṣì í ta, a sì jọ ń fira wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìka mi sanra jù. Mo ní ẹnu tirẹ̀ ló gùn jù.

Ṣùgbọ́n mo ti ba nǹkan jẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn. Nígbà tí Àǹtí Hẹ́lẹ́nì gbé gìtá lé ọmọ lọ́wọ́, ó gbé e bó ṣe wá sí i lára. Ọwọ́ òsì ló fẹ́ fi ta okùn, ọwọ́ ọ̀tún ló fẹ́ fi tẹ ọrùn rẹ̀. Kí obìnrin náà tó lanu, mo ti dìde, mo ti yí gìtá padà lọ́wọ́ ọmọ. Mo ní ọwọ́ ọ̀tún, Mórẹ́nikẹ́, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ mọ ohùn tí a fi máa ń sọ ọ́. Àǹtí Hẹ́lẹ́nì bi mí bóyá alọ́wọ́-òsì ni ọmọ yìí. Mo ní ká má rí i, pé kò sí alọ́wọ́-òsì kankan nínú ẹbí wa. Ẹ̀yin mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà fi ń tiraka. Èmi tí mo ti dàgbà ń lọ síwájú, òun dúró sójú kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í bá okùn lásìkò, mo sì ń bá a wí pé kò fọkàn sí i. Ní Sátidé kan, Àǹtí Hẹ́lẹ́nì ní ká kọ orúkọ àwọn kọ́ọ̀dù sínú ìwé. Pẹ́ńsù wà lórí tábìlì níwájú Mórẹ́nikẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti nà, ó kù díẹ̀ kó mú un, ló bá gbójú sókè wò mí. Ó rí i pé mò ń wo òun. Ó fa ọwọ́ náà padà sábẹ́ tábìlì, ó sì fi ọ̀tún mú pẹ́ńsù. Mo mọ irú ìwò yẹn, èmi náà ti wo èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé, mo bi í pé ọwọ́ wo ló fi ń kọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ní òun ní ọwọ́ tí òun ń lò ní ilé ẹ̀kọ́, òun sì ní èyí tí òun ń lò nílé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bàtà. Láti kíláàsì àkọ́kọ́ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí èmi àti ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀! Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú òjò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó rò pé òun ló ṣẹ̀ mí. Ó ní kí n má bínú, pé òun á máa lo ti ilé níbi gbogbo.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan Bùkọ́lá. Mo sọ fún un pé ọwọ́ òsì ni wọ́n bí èmi náà mọ́. Mo sọ fún un nípa màmá yín l'Ókukù, tí wọ́n máa ń fi àkísà di òsì mi bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, tí n ó wá máa fi ọ̀tún jẹ ẹ̀bà, tí ọbẹ̀ á máa ro sí mi láyà. Mo sọ bí mo ṣe na òsì gba dùǹdú lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kan, tí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi tí ẹ dá a padà. Mo sọ nípa kíláàsì yín n'Ínísà, níbi tí mo ti jẹ́ ọmọ tíṣà tí mo tún jẹ́ ọmọ iléèwé. Ẹ ò nà mí ju àwọn tó kù lọ, ẹ ò sì dín tèmi kù. Rúlà lórí eegun ọwọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì, fún ẹnikẹ́ni tó bá fi òsì mú pẹ́ńsù. Lẹ́yìn náà, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà s'Íkìrun, ẹ ó gbé ọwọ́ náà lé itan yín, ẹ ó máa fi àtàǹpàkò ra á títí a ó fi dé ilé.

Mi ò fẹjọ́ yín sùn o. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe é. Bí ọmọ bá fi òsì na nǹkan sí àgbà, ìyá rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò, ẹ ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ tíṣà kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi wá ń kó ìyà kan náà jẹ ọmọ mi, ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú tì mí.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí Hẹ́lẹ́nì. Kò bá mi wí. Ó tú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lára gìtá Mórẹ́nikẹ́, ó sì tún wọn so, tòkè bọ́ sísàlẹ̀, kí ọmọ lè máa fi òsì ta á. Ọmọ gbé e, ó ta á. Háà, Màmá! Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá jókòó kọjú síra, ó dà bíi pé mò ń wo dígí: ibi tí ìka rẹ̀ bá wà ni tèmi náà yẹ kó wà, kí n ṣáà máa wò ó ni. Àǹtí Hẹ́lẹ́nì bi mí bóyá kóun yí tèmi náà padà. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ọ̀tún ti mọ́ mi lára láti fi ta nǹkan, inú mi sì ń dùn bí mo bá rí òsì mi tó ń sáré lọ́rùn gìtá, òun tí wọ́n ti lé kúrò nídìí oúnjẹ àti ìwé.

A kọ́ orin ìyìn kan tí ẹ fẹ́ràn, èyí tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá ń gbálẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ti sọ fún ọ̀gá akọrin pé ọmọ ọmọ yín á ta á ní ìsìn Kérésìmesì bí a bá wá s'Íkìrun lọ́dún yìí. Mórẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Lẹ́yìn náà lẹ pè wá lórí fídíò ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ ní kó ta á kí ẹ gbọ́. Kò tíì ta ju ìlà kan lọ tí ẹ fi pariwo pé òsì, òsì lọmọ yìí ń lò! Ẹ bi mí bóyá ojú mi fọ́ ni. Ẹ ní kí n máa gbé e bọ̀, pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ẹ ó ti tún un ṣe bí ẹ ṣe tún tèmi ṣe, kó má baà fi yín ṣẹ̀sín níwájú ìjọ. Ẹ rò pé kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́ o. Ó kí yín pé ó dàbọ̀, ó sì gbé gìtá sílẹ̀ lórí àga.

Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní òun ò lọ s'Íkìrun, ká fi òun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ìyá òun. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè tó kọjá, mo bá a nídìí oúnjẹ, ọ̀tún ló fi ń jẹ ìrẹsì, ó ń dà á sílẹ̀, ó sì ń wojú mi. Èmi nìkan ni mò ń jókòó lórí àga gígùn yẹn báyìí, mò ń ta kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí mo mọ̀, mi ò sì rí ìka tí n ó wò.

Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Kì í ṣe èmi ni kí ẹ pè, òun ni. Ẹ sọ fún un pé ọwọ́ tó bá wù ú ni kó fi ta gìtá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ẹ ó jókòó síwájú, ẹ ó sì máa gbọ́. Ní ti ká fún àgbà ní nǹkan, mo ti bá a sọ ọ́, ọwọ́ méjèèjì ni yóò máa fi gbà tí yóò sì máa fi fúnni, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó rí òun fín. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gìtá àti pẹ́ńsù àti ṣíbí, ẹ bá mi fi wọ́n sílẹ̀ fún un.

Mi ò bá yín sọ̀rọ̀ báyìí rí láyé mi. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò lè gbà, a ó ṣì wá kí yín, torí ẹ̀yin ni ìyá mi. Ṣùgbọ́n Òṣogbo la ó máa sùn. A ó máa wá láàárọ̀, a ó máa padà nírọ̀lẹ́, mi ò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ kó sùn.

Ìyábọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, kó kà á sí yín létí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí ara bá tù yín. Mo ní kó má fo ibì kankan. Àwọn ìyá àgbà mìíràn wà n'Íkìrun, n'Ínísà àti l'Ókukù tí wọ́n ní irú Mórẹ́nikẹ́ lókè òkun tàbí nínú ilé wọn níbẹ̀, ó sì wù mí kí àwọn náà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ kò bá gbà, kí Ìyábọ̀ ká a, kó fi í pamọ́, kí ẹlòmíràn má rí i láéláé. Bí ẹ bá sì ti pe ọmọ, tí ẹ ti sọ fún un pé kó máa bọ̀ bó ṣe wà, ẹ ní kí Ìyábọ̀ mú un lọ fún àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó bá ń kà á níbẹ̀ á ti mọ ohun tí ìyá mi ṣe.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màmá. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹun ọmọ ọmọ. Ara yín á máa le, ilé yín á máa tòrò, a ó sì fojú rí ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí ará ilé, kí ará ọ̀nà, kí gbogbo àwọn tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé.